Alùpùpù àtijọ́: ọ́ìlì wo ló yẹ ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́?

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni mo bá wá.

Honda CG125 ti àárín àwọn ọdún 1980 ni, èyí tó ń lo púṣíródù (ọ̀pá tó ń ti fáàfù ṣí), tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ìwé rẹ̀ ní kí á lo SAE 10W-40, API SE tàbí SF. Mi ò rí SE tàbí SF lára ìgò kankan mọ́. SL, SN àti SP ló kún orí àtẹ. Mẹkáníìkì kan ní ẹ́ńjìnnì tó bá ti dàgbà, ọ́ìlì tó ki ló ń fẹ́, pé SAE 40 lásán ni kí n máa dà sí i. Ẹlòmíì ní 20W-50 ni. Ẹnì kẹta ní kí n ra ọ́ìlì mọ́tò tó bá ti dáa, pé kò séwu.

Bó ṣe ń ṣe nìyí: tí mo bá sitáàtì rẹ̀ láàárọ̀, èéfín búlúù díẹ̀ máa ń jáde ní sàìléńsà fún bí ìṣẹ́jú kan, á sì dáwọ́ dúró. Tó bá ti gbóná, kò sí èéfín mọ́. Ó ń jẹ tó mílílítà 150 ọ́ìlì láàárín kìlómítà 1,000. Kílọ́ọ̀ṣì ń mú dáadáa. Gíà ń wọlé, àmọ́ níútírà máa ń ṣòroó rí tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná janjan. Ibi tí mo ti ń gùn ún gbóná, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà wo àti lẹ́tà wo ni kí n máa wá lára ìgò? Ṣé ọ́ìlì sintẹ́tíìkì sì lè wọ inú irú ẹ́ńjìnnì yìí?

Súpánà17

Ọ̀gá, ẹ kú ìrọ́jú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbà yín nímọ̀ràn kò bá ara wọn mu torí pé ìki ọ́ìlì nìkan ni wọ́n ń wò. Nǹkan mẹ́ta ló wà lára ìgò: SAE, tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó, API, tó ń sọ irú èròjà tí wọ́n fi ṣe é, àti JASO, tó ń sọ bóyá kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù lè gbé inú rẹ̀. JASO yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń tètè hàn jù.

Ìdí rẹ̀ ni pé nínú mọ́tò, ọ̀tọ̀ ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ̀tọ̀ ni ti gíà, kílọ́ọ̀ṣì sì gbẹ ní tirẹ̀. Nínú CG yín, ọ́ìlì kan ṣoṣo, tí kò ju nǹkan bíi lítà kan lọ, ló ń bá písítìn àti kámú (irin tó ń mú fáàfù ṣí) ṣiṣẹ́. Eyín gíà ń lọ̀ ọ́, àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì sì rì sínú rẹ̀. Ọ́ìlì mọ́tò òde òní, pàápàá àwọn tó ṣàn bíi 0W-20, 5W-20 àti 5W-30, sábà máa ń ní èròjà tó ń mú kí irin yọ̀ lára irin, irú molybdenum, kí mọ́tò lè dín epo tó ń jẹ kù. Tí èròjà yìí bá mu àwo kílọ́ọ̀ṣì, àwọn àwo náà kò ní lè di ara wọn mú mọ́. Ẹ ó fún un níná, ẹ́ńjìnnì á ké sókè, alùpùpù ò sì ní sáré tó bó ṣe ń ké. Orí òkè ni ẹ máa ti kọ́kọ́ rí i, lórí gíà kẹrin tàbí ìkarùn-ún.

Ẹ wá àmì JASO lẹ́yìn ìgò: àpótí kékeré kan tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú MA, MA1 tàbí MA2. Ọdún 1998 ni ìlànà náà, JASO T903, jáde. MA2 ni èyí tó ń jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì di ara mú jù. Tí ẹ bá rí MB, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn sìkútà tí kílọ́ọ̀ṣì wọn gbẹ ló ni ín. Bákan náà, tí ẹ bá rí "Energy Conserving" tàbí "Resource Conserving" ní ìsàlẹ̀ àmì roboto ti API, ẹ gbé ìgò náà padà sórí àtẹ.

Ti API kò le. Lẹ́tà tó tẹ̀lé S ló ń sún síwájú bí ọdún ṣe ń lọ: SF jáde ní 1980, SL ní 2001, SN ní 2010, SP ní 2020. Èyí tó jáde lẹ́yìn sábà máa ń ṣe iṣẹ́ èyí tó ṣáájú. Ibi tó ti yẹ kí ẹ ṣọ́ra ni síńkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Èròjà méjèèjì yìí ló ń bo ojú kámú níbi tí irin ti ń fi agbára yún irin, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí kámú rẹ̀ kò ní rólà sì gbára lé wọn. Láti SM, ní 2004, ni wọ́n ti dín fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kù sí 0.08% ó pọ̀ jù nínú àwọn ọ́ìlì tó ṣàn bíi 5W-30 àti 10W-30, kí ó má bàa ba ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́tò jẹ́. JASO ní tirẹ̀ ní kí ó wà láàárín 0.08% sí 0.12%. Nítorí náà, SG, SJ, SL tàbí SN, èyíkéyìí tó bá ti ní JASO MA lára, ó ti kúnjú ìwọ̀n fún CG. SE àti SF tí ẹ ń wá kò lè dáa jù ú.

Ó wá ku SAE. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe máa ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù; èyí tó tẹ̀lé e ń sọ bó ṣe máa ki tó bí ó bá gbóná dé 100°C. Ibi tí mẹkáníìkì tó ní kí ẹ lo SAE 40 ti ṣì í nìyí: tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, orí ìwọ̀n kan náà ni SAE 40 àti 10W-40 wà, láàárín 12.5 sí 16.3 cSt (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó). Kò ki jù ú lọ. Ìgbà tó bá tutù nìkan ló ki jù, ìyẹn gan-an sì ni ìgbà tí a ò fẹ́ kó ki, torí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn sitáàtì ni orí ẹ́ńjìnnì máa ń dúró de ọ́ìlì. 20W-50 ló ki jù ú lóòótọ́: 16.3 sí 21.9 cSt.

Ká sòótọ́ fún SAE 40, ó ní ohun kan tó fi dára. 10W-40 ń jẹ́ 10W-40 nítorí pólímà tí wọ́n pò mọ́ ọn, èyí tí kì í jẹ́ kó ṣàn jù nínú ooru. Eyín gíà máa ń gé pólímà náà wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún kìlómítà kan tàbí méjì, ọ́ìlì tó wọlé bíi 40 lè ti máa ṣe bíi 30. Ẹsẹ̀ yín ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: gíà á bẹ̀rẹ̀ sí í le, níútírà á sá fún yín, ariwo tápẹ́ẹ̀tì náà á pọ̀ sí i. SAE 40 lásán kò ní pólímà tí gíà máa gé. 20W-50 náà kò nílò rẹ̀ tó 10W-40, torí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ki.

Fún CG tó ń rìn nínú ooru àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mo fara mọ́ 20W-50 tí kì í ṣe sintẹ́tíìkì, JASO MA tàbí MA2. Níbi tí òtútù bá ti ń mú gan-an láàárọ̀, 10W-40 tí ìwé sọ ni kí ẹ dúró lé.

OníRíìngì

Mo bá Súpánà17 lọ lórí JASO láti òkè délẹ̀. 20W-50 ni mo ní kí ẹ rọra ṣe lé lórí. Tí ẹ bá torí èéfín àti ọ́ìlì tó ń dín kù yí sí ọ́ìlì tó ki, ẹ ó kàn bo àmì àìsàn mọ́lẹ̀ ni. Ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ìdí tó tó fún ọ́ìlì tó ki. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ọ́ìlì ń gbà lọ.

Ẹ jẹ́ kí èéfín fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá ń jáde láàárọ̀ nìkan, lẹ́yìn tí alùpùpù ti sùn mọ́jú, tó sì lọ, síìlì fáàfù ló ń jò: ọ́ìlì tó kù ní orí ẹ́ńjìnnì ń kán wọ inú sílíńdà lóru. Tó bá ń jáde nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iná padà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ẹ sì tún fún un níná, gáìdì fáàfù ti fẹjú. Tó bá ń jáde ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fún un níná lórí òkè, ríìngì tàbí ara sílíńdà ló ti jẹ. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí jọ síìlì fáàfù, ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìgò ọ́ìlì kankan. Rọ́bà kékeré tó ti le ni. Ẹni tó bá ṣí orí ẹ́ńjìnnì á pààrọ̀ rẹ̀, á sì yẹ gáìdì wò lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ẹ lè yọ ríìngì kúrò nínú ọ̀rọ̀, ẹ wọn kọ̀ǹpíréṣọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ dé géèjì mọ́ ihò rẹ̀, ẹ ṣí ọwọ́ iná tán pátápátá, kí ẹ sì ta á ní kíìkì bí ẹ̀ẹ̀márùn-ún sí mẹ́fà títí abẹ́rẹ́ géèjì kò fi ní gòkè mọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ẹ wá da mílílítà 5 ọ́ìlì, ìyẹn ṣíbí tíì kan, gba ihò púlọ́ọ̀gì wọlé, kí ẹ sì tún wọn. Tí nọ́ńbà bá fò sókè gan-an, ríìngì ni: ọ́ìlì yẹn ló dí àyè tí ríìngì kò lè dí mọ́. Tí kò bá yí padà tó sì kéré, fáàfù ni kò dé dáadáa. Ẹ má da ọ́ìlì púpọ̀ o, torí ọ́ìlì tó bá kún inú sílíńdà lè tẹ kọ́nírọ́ọ̀dù.

Kí ẹ tó sọ pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì, ẹ wò ó bóyá ṣe ló ń jò. Ẹ nu ìsàlẹ̀ sílíńdà, eteetí kọ́fà fáàfù àti ẹ̀yìn kọ́fà sípúrókẹ́ẹ̀tì mọ́, kí ẹ gùn ún, kí ẹ tún wò. Ibi tó máa ń tan ènìyàn jẹ jù ni abẹ́ kọ́fà sípúrókẹ́ẹ̀tì iwájú. Ọ̀rá ṣéènì àti eruku máa ń di ẹrẹ̀ dúdú níbẹ̀, síìlì ṣáàfùtì gíà á sì máa jò sínú ẹrẹ̀ náà láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan kán sílẹ̀. Ẹ fi ìka wọ́ ọ: tí ẹrẹ̀ náà bá rọ̀ tó ń ṣàn lẹ́yìn síìlì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rá ṣéènì nìkan máa ń le, ó sì máa ń lẹ̀.

Mílílítà 150 ní kìlómítà 1,000 kì í ṣe ẹ̀rù fún ẹ́ńjìnnì tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé gbogbo ọ́ìlì inú rẹ̀ kò ju lítà kan lọ. Tí ẹ bá rin kìlómítà 2,000 láì bù kún un, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ìdá mẹ́ta, ìyókù á sì máa gbóná jù. Ẹ máa yẹ géèjì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Onílọ̀kílọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bá olùbéèrè béèrè. Ọ́ìlì mọ́tò 5W-30 ló wà nínú tèmi báyìí, kílọ́ọ̀ṣì sì ti ń yọ̀ lórí òkè. Ṣé kí n ra àwo tuntun ni?

Súpánà17

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì: kí àyè milimítà 10 sí 20 wà ní ṣóńṣó ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Wáyà tó le jù máa ń jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀, wọ́n á sì di ẹ̀bi ru ọ́ìlì. (Olùbéèrè, tiyín lè jẹ́ òdìkejì: tí àyè bá pọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì kì í já tán, níútírà kò sì ní rọrùn láti rí.)

Tí wáyà bá dáa, ẹ da 5W-30 náà nù nígbà tó bá gbóná, ẹ da JASO MA2 sí i, kí ẹ gùn ún fún kìlómítà 200 sí 300, kí ẹ sì tún da ìyẹn nù, kí ẹ da tuntun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, torí pé díẹ̀ nínú ọ́ìlì àkọ́kọ́ máa ń kù sínú kọ́fà àti láàárín àwọn àwo. Ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ló máa ń padà mú lẹ́yìn èyí. Tí kò bá mú, ẹ ṣí i: ẹ wọn nínípọn àwọn àwo àti gígùn sípíríǹgì, kí ẹ fi wé ìwé. Àwo irin tó bá ti ń dán bíi díńgí tàbí tó ti ní àbàwọ́n búlúù ti gbóná jù. Àwo tuntun gbọ́dọ̀ sùn sínú ọ́ìlì mọ́jú kí ẹ tó tò ó, kí ó má bàa jóná lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Sí OníRíìngì: òótọ́ lẹ sọ, kí wọ́n má fi 20W-50 bo síìlì tó ti le mọ́lẹ̀. Àmọ́ ooru ni mo torí ẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, atẹ́gùn kì í fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì sì lè gbóná kọjá 120°C. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ àárín 40 tí gíà ti gé àti 50 ti ń di ọ̀ràn bẹ́àrìnì.

Fọ̀ọ́-mọ́

Ẹ̀ ń sọ irú ọ́ìlì, kò sì tíì sí ẹni tó sọ pé CG kò ní fílítà oníwèé. Ọ́ìlì tó dáa jù lọ tí ẹ bá dà lé ìdọ̀tí lórí, owó lẹ sọnù. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí ìdọ̀tí lè ru sókè, kí ẹ pa á. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán lórí ìdúró àárín. Ẹ ṣí ìdérí òkè, kí ọ́ìlì lè ṣàn dáadáa, kí ẹ tó tú bóòtì ìsàlẹ̀. Súpánà 17 ló ń bá ọ̀pọ̀ wọn mu. Ẹ jẹ́ kó kán tán, ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wo ọ́ìlì tó jáde: tó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀. Tó bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù tó sì pọ̀ ju iye tí ẹ dà, abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ ń jò, epo sì ń gba inú sílíńdà wọlé. Ẹ tún ìyẹn ṣe kí ẹ tó da ọ́ìlì tuntun, torí ọ́ìlì tí epo ti là kò lè gbé bẹ́àrìnì. Tí ẹ bá fi ìka nù ún tí ẹ rí ẹ̀rún tó ń dán wúrà, búṣì tàbí bẹ́àrìnì kan ti ń jẹ.

Ó wá kan asẹ́ ọ́ìlì. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, bóòtì ńlá ló dé e, pẹ̀lú sípíríǹgì. Nínú òmíràn, ó wà lẹ́yìn kọ́fà kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi epo fọ̀ ọ́, kí ẹ fẹ́ ẹ gbẹ. Lẹ́yìn kọ́fà ọ̀tún yẹn náà ni fílítà tó ń yí mọ́ orí kíránkì wà, ìkòkò irin kékeré kan tí ìdérí rẹ̀ ní sukúrù mẹ́ta. Bó ṣe ń yí ni ìdọ̀tí tó wúwo ń lẹ̀ mọ́ ògiri inú rẹ̀, á sì le bí amọ̀ tó gbẹ. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi há a kúrò, kì í ṣe irin, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dé e. Nǹkan bíi kìlómítà 12,000 ni ìwé sábà máa ń dá fún un. Tí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n ṣí i kẹ́yìn, ẹ ṣí i báyìí. Ọ̀pọ̀ ariwo tí àwọn ènìyàn ń fi ọ́ìlì tó ki pa, ìkòkò yìí tó ti kún ló fà á: tí ó bá ti kún, ìdọ̀tí tó yẹ kó dúró síbẹ̀ á máa gba inú kíránkì kọjá.

Wáṣà tuntun ni kí ẹ fi sí bóòtì. Ẹ fi ọwọ́ yí i wọlé kí ẹ tó fi súpánà mú un. Fún bóòtì milimítà 12, 25 sí 30 Nm tó. Alumíníọ̀mù ni ilé ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá fi gbogbo ara mú un á já okùn inú rẹ̀.

Ẹ da mílílítà 800 sí i, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n. Fún CG, ẹ má yí géèjì wọlé nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n. Ẹ kàn gbé e lé ojú ihò. Ẹni tó bá yí i wọlé á rí ọ́ìlì tó "kún" nígbà tó ṣì ku díẹ̀. Ẹ bù ú díẹ̀díẹ̀ títí á fi sún mọ́ ìlà òkè, láì kọjá rẹ̀. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù máa ń ru ìfófò, á gba páìpù èémí wọ inú fílítà atẹ́gùn, ẹ́ńjìnnì á sì wúwo.

Pẹ̀lú irú ìrìn tí olùbéèrè ń rìn, kìlómítà 1,500 sí 2,000 ni mo máa dá fún un, ohun yòówù kí ìgò sọ. Ọ́ìlì tó ń wọ́n tí ẹ fi sílẹ̀ títí di 5,000 kò tó èyí tó mọ níwọ̀n tí ẹ ń pààrọ̀ lásìkò.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì àti ìkòkò yẹn ni mo máa kọ́kọ́ ṣe. Ó ku sintẹ́tíìkì, àti ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì 15W-40 tí àwọn kan ń dà sí tiwọn. Tí ọ́ìlì bá sì dín lójú ọ̀nà, tí mi ò sì rí irú èyí tó wà nínú rẹ̀ rà ńkọ́?

Súpánà17

Sintẹ́tíìkì kò ní ba ẹ́ńjìnnì yín jẹ́, tó bá ti ní JASO MA. Ìtàn pé ó ń jẹ síìlì wá láti ìgbà tí sintẹ́tíìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn kan nínú wọn máa ń mú kí rọ́bà sún kì. Ti òde òní ti ní èròjà tó ń tọ́jú rọ́bà. Síbẹ̀, ó ń fọ inú ẹ́ńjìnnì gan-an. Tí ìdọ̀tí bá ti dí ẹ̀gbẹ́ síìlì tó ti sán, á fọ ìdọ̀tí náà kúrò, jíjò á sì hàn. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi pààrọ̀ síìlì. Ní ti CG tí à ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní 1,500, èmi ò rí ohun tó máa fi ṣe.

Ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì: púpọ̀ nínú wọn kò ní èròjà tó ń mú nǹkan yọ̀, ìdí nìyẹn tí kílọ́ọ̀ṣì fi máa ń gbà á. Àmọ́ èròjà ìfọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, eérú rẹ̀ sì pọ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ti ń jẹ ọ́ìlì, eérú yẹn á lẹ̀ mọ́ orí písítìn àti ẹnu púlọ́ọ̀gì. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ JASO MA sí lára. Ìyẹn lẹ lè lò. Tí kò bá sí lára ìgò, ẹ má lò ó.

Ẹ má da èròjà àfikún kankan sí i, irú àwọn tó ń ṣèlérí pé ariwo á dín tàbí pé èéfín á lọ. Àwọn tó ní PTFE (Teflon) tàbí molybdenum á mú kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀. Ìyókù kàn ń mú ọ́ìlì ki ni.

Lójú ọ̀nà, 10W-40 àti 20W-50 lè pò pọ̀, bí ìgò méjèèjì kò tilẹ̀ ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan náà wá, tí wọ́n bá ti jẹ́ ti alùpùpù fóò-sítíróòkù. Kí ọ́ìlì lọ sí abẹ́ ìlà ìsàlẹ̀ léwu ju kí ẹ po méjì pọ̀ lọ. Kódà ọ́ìlì mọ́tò 20W-50 mílílítà 100 tí ẹ fi gbé e délé sàn ju kí ẹ gùn ún ní òfìfo.

OníRíìngì

Nítorí àwọn mìíràn tó máa ka èyí, tí kì í ṣe CG ni wọ́n ń gùn: tú-sítíróòkù bíi Suzuki AX100 ní ọ́ìlì méjì. Èyí tó ń bá epo jóná gbọ́dọ̀ jẹ́ JASO FC tàbí FD, torí ọ́ìlì fóò-sítíróòkù tó bá wọ inú rẹ̀ á fi eérú dí púlọ́ọ̀gì. Èyí tó wà ní gíà ń bá kílọ́ọ̀ṣì gbé, nítorí náà MA ni òun náà ń fẹ́. BMW bọ́ksà àtijọ́ ní kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, ọ̀tọ̀ sì ni ọ́ìlì gíà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì kò kàn án, ọ̀rọ̀ síńkì ló kàn án. Àwọn Triumph àti BSA tó ti ń lo SAE 50 tí kò ní èròjà ìfọ̀ láti ọdún gbọọrọ, ẹ má ṣàdédé da ọ́ìlì tó ń fọ nǹkan sínú wọn. Ìdọ̀tí tó ti sùn sí ìsàlẹ̀ á dìde, á sì dí ojú ọ̀nà ọ́ìlì. Ẹ ṣí i, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ tinútòde, lẹ́yìn náà ẹ lè lo ohun tó bá wù yín.

Fọ̀ọ́-mọ́

Kí ẹ sì wo ìgò fúnra rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó: òrùka abẹ́ ìdérí gbọ́dọ̀ wà láìjá, bébà abẹ́ ìdérí gbọ́dọ̀ lẹ̀ yíká, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò kò sì gbọdọ̀ parẹ́ tí ẹ bá fi ìka ra á. Ọ́ìlì tuntun tó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, tàbí tó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ti lò ó rí. Tí ẹ bá ti da tiyín tán, ẹ lu ìgò náà ní ihò kí ẹnikẹ́ni má bàa tún un kún. Ọ́ìlì àlòkù náà, inú gálọ́ọ̀nù tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí títí ẹ ó fi rí ibi tí wọ́n ti ń gbà á. Ẹ má dà á sílẹ̀, ẹ má dà á sí gọ́tà.